Ọjọ́ wo ni àlejò di ọmọ ilé? Ìjíròrò lórí gbígbé nílé onílé nígbà ìrìn-àjò ìhìnrere

Ìbéèrè tó dé rèé:

“Ẹ kú iṣẹ́ o, Mà. Èkó ni mò ń gbé. Oṣù tó ń bọ̀ ni ẹgbẹ́ ajíhìnrere wa ń bọ̀ ní Òṣogbo fún ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n sì ti pín wa sí ilé àwọn ọmọ ìjọ. Èmi àti ẹnìkejì mi máa wà lọ́dọ̀ ìyá kan lápá Òkè-Baálẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, ní ìlú mìíràn, ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo fi sùn nílé kan. Yàrá tó dáa jù ni wọ́n fún mi, àwo tí àwọn fúnra wọn kì í fi jẹun ni wọ́n fi ń gbé oúnjẹ fún mi. Nígbà tí mo máa lọ, mi ò mọ orúkọ ọmọ wọn tó kéré jù. Bí àlejò ni mo ṣe dé, bí àlejò ni mo ṣe lọ. Olórí wa ní iṣẹ́ Ọlọ́run la bá lọ, a ò lọ yan ọ̀rẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń gbà wá sílé, ẹ sọ òótọ́ fún mi: ṣé ẹ fẹ́ kí á sún mọ́ yín, àbí ẹ kàn ń fara dà á títí a ó fi lọ?”

* * *

Ọmọ mi, a fẹ́ kí ẹ sún mọ́ wa. Kò sí ẹni tó máa kó ọmọ rẹ̀ kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì lọ sùn sí yàrá ìyá àgbà nítorí àlejò, tí kò ní fẹ́ mọ irú ẹni tó sùn síbẹ̀. Ẹnu wa ni kò gbà á láti sọ. Àlejò ni yín, ajíhìnrere tún ni yín, báwo la ṣe fẹ́ ní “Wá bá mi gbé ìkòkò yìí”? A ó máa ki yín kú iṣẹ́ Olúwa, a ó máa gbé oúnjẹ wá, ẹ̀yin náà á máa dúpẹ́, ọjọ́ á sì pé.

Láti ọdún 2001 ni èmi àti ọkọ mi ti ń gba àwọn ajíhìnrere sílé, nítòsí Ìgbóǹnà ní Òṣogbo níbí. Ohun kan ni mo rí dì mú láti ìgbà náà: ọjọ́ tí wọ́n bá rán àlejò níṣẹ́ ló di ọmọ ilé.

Ọmọkùnrin kan dé ọ̀dọ̀ wa nígbà kan, agùnbánirọ̀ ni. Ilé wa ni òun àti ẹnìkejì rẹ̀ ń sùn, abúlé ni wọ́n ń jáde sí láràárọ̀. Ìyá ọkọ mi ṣì wà láyé nígbà náà, kì í sì í bá àlejò sọ̀rọ̀ kọjá ìkíni. Ní ọjọ́ kẹta, òjò kò jẹ́ kí wọ́n jáde. Ìyá jókòó sábẹ́ òrùlé ibi ìdáná, ó ń bó ẹ̀wà ọ̀ọ̀lẹ̀. Ọmọ náà kò béèrè bóyá kí òun bá wọn ṣe é, torí “Rárá, ẹ jókòó yín” ni wọn ì bá fi dá a lóhùn. Ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, ó fa àpótí, ó ki ọwọ́ bọ inú omi ẹ̀wà. Èèpo ń léfòó, ó ń gbọ́n ọn dànù, ó ń bu omi mìíràn sí i.

Nígbà tí wọ́n lọ ẹ̀wà dé, ìyá na ewé sí i. Kò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣẹ́ ewé ọ̀ọ̀lẹ̀. Ó ká a bí ẹni ń ká bébà, ẹ̀wà sì ń jò láti ìdí ewé sórí ṣòkòtò rẹ̀. Ìyá gba ọwọ́ rẹ̀, ó fi àtàǹpàkò ọmọ náà tẹ ibi tí ewé ti pàdé, ó ṣẹ́ ìdí rẹ̀ padà sẹ́yìn, ó ní, “Di ibẹ̀ mú, má tú u sílẹ̀.” Ẹlẹ́ẹ̀kẹta kò jò. Ìyá wá wo ewé tó kù, ó rí i pé kò ní tó. Ó ní, “Dìde, lọ bá mi ra ewé sí i. Sọ pé èmi ni mo rán ọ.”

Ẹ gbọ́ ọ dáadáa: “mo rán ọ.” Ọjọ́ mẹ́ta ló ti ń pe ọmọ ogún ọdún ó lé díẹ̀ yẹn ní “ẹ̀yin pásítọ̀”.

Nígbà tí ìyá kú lọ́dún 2014, ọmọ náà wá láti Kàdúná fún ìsìnkú. Òun la rán lọ kó àga láti ṣọ́ọ̀ṣì.

* * *

Olórí ẹgbẹ́ kan ti fèsì sí mi. Ó ní àwọn ọmọ òun kò wá sí Òṣogbo wá bó ẹ̀wà, pé tí ilé bá bẹ̀rẹ̀ sí í rán wọn kiri, ó ti máa rẹ̀ wọ́n kó tó di ìrọ̀lẹ́ tí iṣẹ́ gan-an ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn mẹ́ta sì kín in lẹ́yìn.

Ẹ̀rù tó ń bà yín kò ṣàìní ìdí, sà. Mo ti rí ilé tí wọ́n ti sọ ọmọ ìhìnrere di ọmọ ọ̀dọ̀, tó ń fọ aṣọ gbogbo ilé kó tó lè jáde. Níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti dà bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin olórí ló yẹ kí ẹ lọ bá baálé sọ ọ́ ní ìtùnbí-ìnùbí. Ẹ má fi í sílẹ̀ fún ọmọdé.

Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí ìwé Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 18. Kí ló gbé Pọ́ọ̀lù dé ilé Àkúílà àti Pírísílà ní Kọ́ríńtì? Bíbélì ní nítorí pé iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe, iṣẹ́ àgọ́ pípa. Wọ́n jọ ń gbé, wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́. Nígbà tó máa kúrò níbẹ̀, tọkọtaya náà bá a wọ ọkọ̀ lọ. Nígbà tó sì yá tó ń kọ̀wé sí àwọn ará Róòmù, ó ní àwọn méjèèjì fi ọrùn ara wọn wéwu nítorí ẹ̀mí òun. Ẹni tó jókòó ti iṣẹ́ pẹ̀lú rẹ ló máa ń fi ọrùn rẹ̀ lélẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Òṣogbo ìlú aró ni wọ́n ń ki ìlú wa. Ọ̀rẹ́ mi kan wà ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun tó ń ṣe àdìrẹ ẹlẹ́kọ, òun náà gba ọmọbìnrin méjì sílé lọ́dún kan. Ọ̀kan nínú wọn máa ń jókòó tì í fún bíi wákàtí kan láàárọ̀ kí wọ́n tó jáde. Á fi ìyẹ́ adìẹ kan ẹ̀kọ láfún, á fi ya ilà sára aṣọ bí ọ̀rẹ́ mi ṣe júwe fún un. Ọ̀rẹ́ mi sọ fún mi pé ọmọ kan ti kú mọ́ òun lọ́wọ́ nígbà tí òun wà lọ́mọge, pé òun kò sọ ọ́ fún pásítọ̀ òun rí, ṣùgbọ́n òun sọ ọ́ fún ọmọ yẹn. Ojú àwọn méjèèjì wà lórí aṣọ, kò sí ẹni tó ń wo ẹnìkejì lójú, bẹ́ẹ̀ lọ̀rọ̀ ṣe jáde.

Olórí, ìwàásù ìta gbangba wo ló máa dé ibẹ̀ yẹn? Bí wọ́n bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ ni. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rán àwọn ọmọ yín.

* * *

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ló ti gba gbogbo ẹnu báyìí. Apá kan ní kí ẹgbẹ́ máa dáná fúnra wọn kí wọ́n má bàa ni ẹnikẹ́ni lára, wọ́n ń tọ́ka sí Tẹsalóníkà Kìíní orí 2, níbi tí Pọ́ọ̀lù ti ní òun ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru kí òun má bàa di ẹrù fún wọn. Apá kejì ń tọ́ka sí Lúùkù orí 10, níbi tí Jésù ti sọ fún àwọn tó rán jáde pé kí wọ́n jókòó sí ilé kan náà, kí wọ́n jẹ ohun tí wọ́n bá gbé síwájú wọn, kí wọ́n má máa ṣí láti ilé dé ilé.

Lúùkù ni mo wà. Mo ní ìdí.

Lọ́dún 1993, èmi náà lọ pẹ̀lú àwọn ọ̀dọ́ ìjọ kan sí abúlé kan lọ́nà Ìkìrun. A gbé ìrẹsì àti ìkòkò wa dání láti Òṣogbo, torí a ti pinnu pé a ò ní di ẹrù. A dáná lẹ́yìn ilé ìjọ, a jẹun yó, ká tó tú ká lọ sí ilé tí wọ́n pín wa sí. Ìyá tí mo dé sọ́dọ̀ rẹ̀ kí mi káàbọ̀, ó ní oúnjẹ wà. Mo ní, “A ti jẹun, Mà, ẹ ṣeun.” Ó ní kò burú, ó gbé fìtílà kalẹ̀ fún mi, ó wọlé lọ.

Láàárọ̀, mo rí àwo kan lórí tábìlì tí wọ́n fi àwo mìíràn dé. Mo ṣí i. Iyán ti le. Ọ̀rá ti dì lójú ọbẹ̀. Itan adìẹ méjèèjì ló wà nínú rẹ̀, àti iwe, èyí tí a máa ń fi sílẹ̀ fún baálé ilé. Ìyá náà kò bá mi wí títí mo fi lọ. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló sọ fún mi, nígbà tó ń bá mi gbé ẹrù dé ẹ̀bá títì, pé àwìn ni wọ́n ra adìẹ náà, ọjọ́ ọjà ni ìyá òun máa san owó rẹ̀.

Ojú àlejò là ń jẹ gbèsè, ẹ̀yìn rẹ̀ là ń san án. Ìyá náà jẹ gbèsè nítorí mi, èmi kò sì jẹ adìẹ. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún. Títí dòní, tí mo bá rí àwo tí wọ́n fi àwo dé, ara mi máa ń bù máṣọ.

Ẹ̀yin tí ẹ dúró lórí ọ̀rọ̀ Pọ́ọ̀lù, mi ò ní kí ẹ lọ jẹ onílé run. Ẹ gbé gàárì, ẹ gbé epo, ẹ gbé ìrẹsì wá ní tútù, kí ẹ kó o fún ìyá ilé lọ́jọ́ tí ẹ bá dé, kó wọ inú ìkòkò rẹ̀. Oúnjẹ yín ti di oúnjẹ rẹ̀ nìyẹn, òun ló máa bù ú fún yín. Ìkòkò tí ẹ gbé kalẹ̀ lẹ́yìn ilé ìjọ ni mò ń bá jà.

Ẹ tètè sọ ìyókù. Bó o bá máa gbààwẹ̀ lọ́jọ́rú, alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni kó o sọ ọ́, kí wọ́n má ti gún iyán tán kó o tó máa na ọwọ́ àdúrà. Bí inú rẹ kì í bá gba omi kànga, ra odidi àpò píọ̀ wọ́tà, kó o sì gbé e fún ilé pé kí gbogbo wọn máa mu ún. Èyí tó o bá fi pamọ́ sínú yàrá tó ò ń dá mu, àwọn ọmọ ilé ń wò ọ́. Bí ẹ bá máa fi fíìmù han àwọn èèyàn lálẹ́ tí ẹ ò ní tètè dé, ẹ sọ aago tí ẹ máa dé. Èmi kì í lè sùn tí ilẹ̀kùn bá ṣì ṣí sílẹ̀.

* * *

Ẹ̀yin tí ẹ ń béèrè iye tó yẹ kí àlejò fún onílé. Ọmọbìnrin kan lọ kúrò nílé wa, a bá owó lábẹ́ ìrọ̀rí. A rò pé ó gbàgbé rẹ̀ ni, a pè é, ó ní owó oúnjẹ tí òun jẹ ni. Ọkọ mi ní, “Ṣé ilé ìtura ló rò pé òun dé sí ni?” Ó dùn ún gan-an. Ará Iléṣà ni ìyá tó bí ìyá rẹ̀. Ìyá náà máa ń sọ fún wọn pé lọ́dún 1930, nígbà ìsọjí Wòlíì Joseph Ayọ̀ Babalọlá ní Òkè-Ooye, ẹní kì í ká nílẹ̀ nílé àwọn, pé ẹni tí àwọn kò mọ̀ rí ń jí lórí rẹ̀ láràárọ̀, ẹnikẹ́ni kò sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wọn. Ojú yẹn ni ọkọ mi fi ń wo ọ̀rọ̀ owó, kò sì yí padà.

Èmi kò le tó bẹ́ẹ̀. Mo ti rí gbèsè adìẹ. Ilé tí nǹkan kò rọrùn fún, kí ìjọ fún wọn lówó kí àlejò tó dé, láti ọwọ́ àgbà sí ọwọ́ àgbà, kí ọmọ tó máa sùn síbẹ̀ má tiẹ̀ mọ̀ sí i. Ìwọ ní tìrẹ, kúnlẹ̀, kó o fi nǹkan díẹ̀ sí ìyá àgbà lọ́wọ́ pé kí wọ́n fi ra ọṣẹ. Ọṣẹ yẹn kò ní bí ẹnikẹ́ni nínú.

* * *

Ẹnìkan ní inú ilé tó gba àlejò ló yẹ kí ìhìnrere ti bẹ̀rẹ̀, pàápàá bí ẹlẹ́sìn mìíràn bá wà níbẹ̀.

Ẹ fara balẹ̀. Òṣogbo ni ẹ ń bọ̀. Nílé wa níbí, Àlhájì ni àbúrò bàbá mi, òun ló sì san owó ilé-ìwé mi títí mo fi di olùkọ́. A ń jẹ ẹran Iléyá lọ́dọ̀ rẹ̀, ó ń jẹ ìrẹsì Kérésì lọ́dọ̀ wa. Igbó Ọ̀ṣun wà nínú àkójọ ogún àgbáyé ti UNESCO láti ọdún 2005, oṣù kẹjọ ni wọ́n ń ṣe ọdún rẹ̀, èrò á sì kún ìlú. Ẹni tó bá wọ ilé ará Òṣogbo, inú gbogbo ìtàn yẹn ló wọ̀.

Orúkọ ọkọ mi bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Ọ̀ṣun. Díákónì ni. Ọmọ ìhìnrere kan jókòó sórí àga wa, ó mu omi wa tán, ó ní kí ọkọ mi yí orúkọ padà torí òrìṣà wà nínú rẹ̀. Ọkọ mi kò fèsì. Ó wọ yàrá, ó gbé ìwé ìrìbọmi bàbá rẹ̀ jáde, ti ọdún 1938. Orúkọ yẹn náà ló wà lórí rẹ̀, pẹ̀lú òǹtẹ̀ ìjọ. Ó gbé e síwájú ọmọ náà, ó sì padà sínú yàrá. Ọjọ́ mẹ́rin tó kù, ọkọ mi kò bá wa jẹun ní pálọ̀ mọ́.

Mo mọ̀ pé àwọn kan máa ní òtítọ́ ni ọmọ yẹn sọ. Jésù ní ohun tí ẹ máa kọ́kọ́ sọ tí ẹ bá wọlé: “Àlàáfíà fún ilé yìí.” Ẹ sọ ọ́, kí ẹ sì jẹ́ kó jókòó fún ọjọ́ mélòó kan. Bí Àlhájì bá rí i pé ò ń kí òun ní àárọ̀, pé o bá òun gbé kẹ́tùrù omi, òun fúnra rẹ̀ á bi ọ́ ohun tó gbé ọ wá. Àbúrò bàbá mi máa ń béèrè.

* * *

Èyí kò gùn, ṣùgbọ́n ẹ kà á. Ìyá kan kọ̀wé sí mi ní ìkọ̀kọ̀ nípa ohun tójú ọmọ rẹ̀ rí nílé tí wọ́n pín in sí. Ẹ̀yin ọmọbìnrin, méjì-méjì ni kí ẹ máa sùn, kí kọ́kọ́rọ́ yàrá wà lọ́wọ́ yín. Bí ọkùnrin ilé kan bá ń ṣe ohun tí kò tẹ́ ọ lọ́rùn, sọ fún olórí yín lálẹ́ ọjọ́ náà, kó o sì kúrò níbẹ̀. Ẹsẹ̀ Bíbélì tó ní ká má ṣí láti ilé dé ilé kò kan irú ilé bẹ́ẹ̀. Kò sí ìbárẹ́ tí a lè fi irú nǹkan báyìí rà.

* * *

Ọmọ tó béèrè ìbéèrè ti padà wá. Ó ní: “Mà, tí wọn ò bá rán mi níṣẹ́ ńkọ́? Ojú máa ń tì mí, Yorùbá Èkó ni mò ń sọ, wọ́n á máa fi mí rẹ́rìn-ín.”

Jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹni tó fi ọ́ rẹ́rìn-ín ti ń bá ọ ṣeré nìyẹn.

Jí kí wọ́n tó jí, wá ìgbálẹ̀, gbá ojúde. Má béèrè ibi tí ìgbálẹ̀ wà lọ́wọ́ ìyá ilé, ọmọ tó kéré jù ni kó o bi, orúkọ rẹ̀ sì ni kó o kọ́kọ́ mọ̀. Bí ọmọ náà bá ní iṣẹ́ àmúrelé, jókòó tì í. Bí o bá ń jáde, dúró lẹ́nu ọ̀nà kó o ní “Mo ń lọ o, Mà.” Bí o bá dé, “Mo ti dé o.” Ní Èkó, ẹ máa ń wọlé jẹ́ẹ́, níbí à ń tẹ́tí sí ohùn ẹni tó bá wọlé. Tó bá di ọjọ́ kejì tàbí ọjọ́ kẹta, wàá rí i tí ìyá náà ń wá nǹkan: iyọ̀ tán, tàbí ẹran tó fi sí ọbẹ̀ kò tó. Má wọ yàrá lọ nígbà yẹn. Dúró síbi tí ojú rẹ̀ á ti kàn ọ́.

Bó o bá sì padà dé Èkó, pè é lálẹ́ ọjọ́ náà gan-an, kó o tó tú ẹrù rẹ. Ìyá ọkọ mi máa ń gbé fóònù sórí itan títí agùnbánirọ̀ yẹn á fi pè.

Ìgbóǹnà kò jìnnà sí ibi tí o ń bọ̀. Bí ìyá náà bá rán ọ wá sí ọjà ibẹ̀, béèrè ilé ìyá olùkọ́ tó ń gba àwọn ajíhìnrere sílé, wọ́n á júwe rẹ̀ fún ọ. Yà kí mi, mo fẹ́ rí ọ. Ṣùgbọ́n má jókòó pẹ́, ẹni tó rán ọ ti gbé ìkòkò kaná.